Asẹ́ amọ̀ tó ń fọ ara rẹ̀: ṣé oòrùn Ìlọrin lè bá wa ṣe é?

Tankè_Amọ̀ | Àtìnì, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tí mo ti ń po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí mò ń mọ ọ́n bí ìkòkò ẹlẹ́nu gbàgàdà, tí mo sì ń sun ún. Bí iná bá jó èèpo ìrẹsì yẹn tán nínú amọ̀, ihò tín-ín-tìn-ín ló máa ń kù síbẹ̀. Omi á gba ibẹ̀ kọjá, ìdọ̀tí àti kòkòrò àìfojúrí á há sókè. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀ o. Ọ̀gbẹ́ni Fernando Mazariegos ní Guatemala ló bẹ̀rẹ̀ irú ìkòkò asẹ́ yìí lọ́dún 1981, ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú.

Wàhálà tèmi nìyí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbé e lé orí bọ́kẹ́ẹ̀tì nínú yàrá mi, ó ń kán tó lítà méjì ní wákàtí kan. Mo jókòó tì í pẹ̀lú aago lọ́wọ́, bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹyin adìyẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìdajì lítà kò pé mọ́. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ilá. Bí mo bá fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, á dára fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, á sì tún dí. Bí mo sì ṣe ń ha ìdọ̀tí ni mò ń ha ojú amọ̀ fúnra rẹ̀ lọ. Ìgbà mélòó ni ìkòkò fẹ́ fara da ìyẹn?

Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ ṣe èyí tó ń fọ ara rẹ̀. Mo kà nípa titanium dioxide, ìyẹ̀fun funfun kan. Lọ́dún 1972, Fujishima àti Honda ní Japan fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e lè mú kí omi pín sí hydrogen àti oxygen. Láti ìgbà náà làwọn èèyàn ti ń fi í bo gíláàsì fèrèsé àti táìlì, kí oòrùn lè máa jẹ ìdọ̀tí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn. Mo wá rò ó pé bí a bá fi í kun inú ìkòkò asẹ́, tí a gbé e sóòrùn, ṣé oòrùn ò ní bá wa jẹ ohun yíyọ̀ yẹn? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé oòrùn kọ́ ló wọ́n wa nílùú yìí. Ta ló ti dán an wò rí?

Ọlọ́gbọ́n_Gàmbàrí | Àtìnì, 9:31 alẹ́

Àbúrò, píyọ́ wọ́tà ni o. Já a létí, fà á mu, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí ìkòkò bá ti wá mọ ara rẹ̀ í fọ̀, kó bá mi fọ jálàbíyá mi mọ́ ọn.

ỌmọAmọ̀kòkò | Àtìnì, 10:02 alẹ́

Má dá Ọlọ́gbọ́n lóhùn. Òun náà ló ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà tí kì í bi í pé níbo ló ti pọn ọ́n.

Kí n sọ tèmi. Òkèlélé ni ìyá mi àti ìyá tó bí i ti ń mọ ìkòkò, owó amọ̀ ni wọ́n fi rán mi nílé ìwé. Mi ò gbọ́ kẹ́mísírì o, amọ̀ ni mo gbọ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ bi ọ́ ni pé, nígbà tí o sun ún tán, ṣé wọ́n ta omi èèpo irúgbá sí i?

Ìdí tí mo fi bèèrè nìyí. Bí àwọn ìyá wa bá yọ ìkòkò nínú iná, tó ṣì ń pọ́n yòò, wọ́n máa ń ta omi tí wọ́n fi rẹ èèpo irúgbá sí i lára. Á hó ṣàà, èéfín á bo gbogbo àgbàlá, ara ìkòkò á dúdú, á máa dán. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí ihò ara ìkòkò kó má baà máa jò. Ìkòkò ọbẹ̀ ò lè ṣe kó má rí i. Asẹ́ ò sì gbọdọ̀ rí i sójú rárá. Nígbà kan, ẹnì kan gbé irú iṣẹ́ yìí wá bá màmá mi. Wọ́n mọ ọ́n dáadáa, wọ́n sun ún, bí wọ́n ṣe yọ ọ́ báyìí, ọwọ́ ti mọ́ iṣẹ́ lára, wọ́n ta omi irúgbá sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ni onítọ̀hún fi wo ìkòkò yẹn. Omi ò kán ẹyọ kan.

Ohun kejì: ṣáájú iná lo fẹ́ fi ìyẹ̀fun funfun yẹn kùn ún, àbí lẹ́yìn iná? Gbangba ìta ni iná tiwa. Igi àti koríko la fi ń bo ìkòkò mọ́lẹ̀. Ọwọ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá máa ń gbóná ju ẹ̀yìn lọ, ìkòkò kan náà á pupa lójú kan, á dúdú lójú kejì. Kò sí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wo bó ṣe gbóná tó. Màmá mi á kàn fi ìka kàn án ni. Bó bá dún gan-an-gan-an, ó jinná. Bó bá dún pọ̀kọ̀, ó di inú iná padà.

ÌgbómìnàNíJámánì | Àtàláátà, 6:40 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọmọ Òró ni mí, Jámánì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń fi asẹ́ amọ̀ sẹ́ wàrà. Mẹ́ńbéréènì ni wọ́n ń pè é níbí. Amọ̀ tiwọn kì í ṣe ti etí odò, alumina ni, ìyẹ̀fun funfun kan tó ti ara aluminium wá, iná tó ń sun ún sì máa ń kọjá 1,400 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ihò ara rẹ̀ kéré débi pé bakitéríà kò lè gbà á kọjá.

Ìbéèrè ọmọ amọ̀kòkò yẹn gan-an ni kókó. Lẹ́yìn iná ni. Titanium dioxide pín sí oríṣi, èyí tí wọ́n ń pè ní anatase ló ń ṣiṣẹ́ jù lábẹ́ oòrùn. Bí iná bá ti ń lọ sókè ju bíi 600 lọ, á máa yí padà di rutile, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀. Iná tó ń sun ìkòkò asẹ́ jinná sì máa ń lé ní 800. Nítorí náà, sun ìkòkò rẹ ná, jẹ́ kó tutù, po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi, fi kun ojú inú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó o wá gbé e padà sínú iná tó wà láàárín 450 sí 500 fún bíi wákàtí kan. Iná ìta gbangba kò lè dúró lójú kan bẹ́ẹ̀. Ààrò búrẹ́dì náà kò gbóná tó. Wá ẹni tó ní fúnéèsì oníná mànàmáná.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé: ìtànṣán á bà lé e, ẹ̀lẹ́kítíróònù kan, ìyẹn ẹ̀yà tín-ín-tìn-ín inú átọ́ọ̀mù, á fò kúrò láyè rẹ̀, àlàfo á ṣẹ́ kù síbẹ̀. Èyí tó fò àti àlàfo tó fi sílẹ̀ á kọlu omi àti oxygen tó wà nítòsí, wọ́n á sọ wọ́n di ohun tí inú ń bí. Ohun tí inú ń bí yìí ló máa ń já ìdọ̀tí tó bá ti ara ohun abẹ̀mí wá sí wẹ́wẹ́, títí á fi di omi àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Ó tún ní ẹ̀bùn kan mọ́ ọn. Ojú tí oòrùn bá ti pa báyìí, omi kì í dúró ní róbótó lórí rẹ̀ mọ́, ṣe ló máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, á yọ́ wọ abẹ́ ọ̀rá, á sì tú u kúrò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí táwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sọ. Kì í ṣe gbogbo oòrùn ló ń jí i. Ìtànṣán tí ìgbì rẹ̀ bá kúrú ju nánómítà 387 lọ nìkan ni, ìyẹn UV tí ojú ò lè rí, kò sì ju nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún oòrùn tó ń pa wá. Bí omi bá rú, ìtànṣán yẹn kì í rìn jìnnà nínú rẹ̀. Mẹ́ńbéréènì tiwa níbí wá jẹ́ ọ̀pá gbọọrọ, inú ọ̀pá ni ojú asẹ́ wà, òkùnkùn biribiri. Oòrùn wo ló fẹ́ débẹ̀? Ìyẹn ni ilé iṣẹ́ omi ńlá tó ń lo asẹ́ amọ̀, bíi ti Andijk ní Netherlands láti 2014 àti ti Choa Chu Kang ní Singapore láti 2019, kò fi bá oòrùn ṣe àdéhùn kankan. Omi ni wọ́n ń fi agbára tì padà láti ẹ̀yìn asẹ́, kó ṣí ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ̀. Amọ̀ gba irú lílù bẹ́ẹ̀, ó sì gba kẹ́míkà tó le. Asẹ́ oníke kò lè gbà á tó bẹ́ẹ̀.

Ìkòkò tìrẹ yàtọ̀. Ojú asẹ́ rẹ̀ kọjú sókè, sí ọ̀run. Àwa níbí kò ní àǹfààní yẹn.

Bàbá_Ẹlẹ́rọ_Ọ̀ffà | Àtàláátà, 11:20 òwúrọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ. Ìdí ẹ̀rọ omi ni mo dàgbà sí kí n tó fẹ̀yìn tì.

Ohun tí ọmọ Òró sọ nípa títi omi padà yẹn, ìkòkò náà lè ṣe é láìsí ẹ̀rọ kankan. Fi omi tó mọ́ kún bàsíà ńlá. Gbé ìkòkò asẹ́ lófìfo sínú rẹ̀, kí etí rẹ̀ yọ sókè, fi òkúta wẹ̀ é mọ́lẹ̀ kó má baà léfòó. Omi á máa ti ìta wọ inú. Ẹ ó rí i tí ìdọ̀tí á máa ṣí kúrò lójú asẹ́ ní wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Dà á nù, tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ lẹ ó wá fi parí rẹ̀, ẹ ò ní ha ojú amọ̀ jẹ.

Ẹ má sì máa da omi rírú sórí asẹ́ kẹ̀ẹ̀. Asẹ́ kì í ṣe jàlá tí a ń da ìdọ̀tí sí. Lásìkò òjò tí odò bá pọ́n bí ẹ̀kọ àgbàdo pupa, àlọ́ọ̀mù díẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀mù, ẹ rò ó, ẹ fi í sílẹ̀ di àárọ̀, òkè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bù sínú asẹ́. Àwọn kan ń lo kóró mọ̀ríńgà. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, omi á là, ṣùgbọ́n ara kóró yẹn máa ń kù sínú omi, bó bá pẹ́ nílẹ̀ kòkòrò á rí i jẹ. Ẹni tó bá lò ó, kó tètè sẹ́ ẹ, kó sì tètè mu ún.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Ron Rivera, amọ̀kòkò ọmọ Amẹ́ríkà. Òun ló gbé ìkòkò asẹ́ Guatemala yẹn káàkiri ayé, tó ń kọ́ àwọn amọ̀kòkò ìlú kọ̀ọ̀kan bí wọ́n á ṣe máa mọ ọ́n fúnra wọn. Lọ́dún 2008, Nàìjíríà wa yìí ló wá bá wọn dá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ibà tó kó níbí ló pa á nígbà tó padà dé Nicaragua. N kì í gbàgbé rẹ̀ bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń fi ìkòkò amọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọlọ́gbọ́n, mò ń bá ọ wí o.

Ọlọ́gbọ́n_Gàmbàrí | Àtàláátà, 11:48 òwúrọ̀

Ẹ má bínú, bàbá. Ẹnu mi ni.

Ìyá_Oníbọ́hóòlù | Àlàrùbá, 7:05 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ ọ́. Mo ní bọ́hóòlù, mo ń ta omi ládùúgbò. Omi náà á mọ́ gaara bó ṣe ń jáde, kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti pọ́n nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Aṣọ funfun tí wọ́n bá fi fọ̀ á ní àmì. Ọmọ kan tà mí ní asẹ́ amọ̀ kan tó ní òyìnbó ṣe, pé oòrùn ló ń fọ̀ ọ́, mo gbé e sóòrùn títí, pípọ́n ló ń pọ́n sí i. Ṣé mo ti jẹ̀bi ni?

Bàbá_Ẹlẹ́rọ_Ọ̀ffà | Àlàrùbá, 8:30 àárọ̀

Ìyá wa, ẹ ò jẹ̀bi. Irin ló wà nínú omi yín. Àpáta àtijọ́ la kọ́lé lé láti Ìlọrin títí dé ọ̀dọ̀ yín, irin sì wà lára àpáta náà. Nígbà tó wà nísàlẹ̀, ó yọ́ sínú omi, ojú ò lè rí i. Bó bá kan afẹ́fẹ́ ló máa ń di ìpata, tí á pọ́n. Oòrùn ò lè jẹ ìpata. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìpata yẹn ti bo ojú asẹ́ yín, ó dí oòrùn mọ́ ohun tó yẹ kó ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí omi pọ́n kó tó dé asẹ́. Ẹ gbé ẹnu ọ̀pá sókè, ẹ jẹ́ kó máa já bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù gbígbòòrò pẹ̀lú ariwo, kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Pípọ́n á rọ̀ sísàlẹ̀, èyí tó wà lókè lẹ ó fà. Ti asẹ́ tó ti pọ́n, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi, ẹ fi kún un, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Kíkan ọsàn á yọ́ ìpata náà. Ẹ fi omi fọ̀ ọ́ dáadáa lẹ́yìn náà.

Tankè_Amọ̀ | Àlàmíìsì, 4:52 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ṣe nǹkan kan.

Mo rí fúnéèsì yá. Mo kun àpáàdì méjì, mo sun wọ́n ní 480, mo kán aró búlúù tí wọ́n ń pè ní methylene blue sí wọn lójú, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Mo fi ike dídán bo ọ̀kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo fi àfọ́kù gíláàsì fèrèsé bo èkejì. Mo gbé wọn sórí ògiri láago mọ́kànlá, mo lọ kírun àìlà. Nígbà tí mo dé, abẹ́ gíláàsì, aró ti ń ṣí, etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ funfun, ó wá ń súnkì sí àárín bí omi tó ń gbẹ lórí síméńtì. Abẹ́ ike, ó wà bó ṣe wà, búlúù rẹ́súrẹ́sú.

Ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, àfi ìgbà tí mo rántí pé polycarbonate ni ike yẹn, wọ́n sì ṣe é kó máa dá UV dúró ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, gíláàsì ni kó fi ṣe ìdérí. Mo láyọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Onílàábù | Àlàmíìsì, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má tíì jó, àbúrò. Ẹ kú ìgbìyànjú, mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n methylene blue máa ń ṣá lóòrùn fúnra rẹ̀. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé titanium ló jẹ ẹ́? Àpáàdì mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ lò lábẹ́ gíláàsì: èyí tó ní titanium lóòrùn, èyí tí kò ní lóòrùn, àti èyí tó ní tí ẹ gbé sínú òkùnkùn. Ìyàtọ̀ àárín méjì àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ titanium. Ẹ̀kẹta á jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ṣe ni amọ̀ kàn ń mu aró sínú.

Ibo lẹ ti ra titanium yín? Mo ń bèèrè nítorí pé èyí táwọn tó ń po ọ̀dà ń rà, tí gbogbo ọjà kẹ́míkà ń pè ní titanium, rutile ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì ti fi ohun mìíràn bò ó lára kí oòrùn má baà tipasẹ̀ rẹ̀ jẹ ọ̀dà lára ògiri. Ohun tẹ́ ẹ ń wá gan-an ni wọ́n ti pa nínú rẹ̀. Kẹ́ ẹ sọ fún ọlọ́jà pé anatase lẹ fẹ́.

Èyí tó ká mi lára jù: ẹ fi nǹkan bo imú bí ẹ bá ń pò ó. IARC, àjọ tó ń wádìí ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fà á bí èèyàn bá ń fa eruku rẹ̀ símú. European Union náà yọ ọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n ń fi sóúnjẹ lọ́dún 2022. N kò ní kẹ́ ẹ má lò ó. Ohun tí mo ní ni pé kó lẹ̀ mọ́ ìkòkò, kó má bọ́ sínú omi tẹ́nì kan fẹ́ mu. Lẹ́yìn iná kejì, fi aṣọ dúdú nù ún. Bí aṣọ bá funfun, kò tíì lẹ̀, fọ̀ ọ́ kó o tún un sun.

Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé pé ihò ìkòkò amọ̀ lè dá bakitéríà tó gùn tó máíkírọ́ọ̀nù kan sí méjì dúró, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì bíi rotavirus, tí kò ju nǹkan bí 70 nánómítà lọ (ẹgbẹ̀rún nánómítà ló pé máíkírọ́ọ̀nù kan), á gbà á kọjá bí ẹni ń gba géètì tí ò ní ìlẹ̀kùn. Oòrùn ọ̀sán sì ń fọ ojú asẹ́ ni, kì í ṣe omi tó ti kán sísàlẹ̀ lálẹ́ àná. Omi ọmọ ọwọ́, ẹ ṣì máa sè é.

Tankè_Amọ̀ | Àlàmíìsì, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dé ilé. Ọ̀dọ̀ ọlọ́dà ni mo ti ra ti àkọ́kọ́ tí mo bàjẹ́ lóṣù tó kọjá! Eléyìí, anatase ni, wọ́n kọ ọ́ sára àpò. Mà á ṣe àpáàdì mẹ́ta yẹn.

Mo ń rò ó lọ́wọ́lọ́wọ́ pé kí n fi ìkòkò sílẹ̀, kí n ṣe é pẹrẹsẹ bí táìlì, kí oòrùn lè kan gbogbo ojú rẹ̀ dọ́gba. Inú ìkòkò, ẹ̀gbẹ́ kan máa ń ṣíji bo ẹ̀gbẹ́ kejì.

ỌmọAmọ̀kòkò | Àlàmíìsì, 9:20 alẹ́

Mo ka èyí sí màmá mi létí, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé amọ̀ pẹrẹsẹ a máa gbé etí sókè bí ewé gbígbẹ. Etí á kọ́kọ́ gbẹ, àárín ṣì tutù, wọ́n á máa fa ara wọn, nígbà tó bá fi máa dé inú iná ó ti ya. Ìkòkò rí róbótó nítorí pé róbótó kì í fa ara rẹ̀ ya bẹ́ẹ̀.

Bí o bá ta kú pé pẹrẹsẹ lo fẹ́, gún àpáàdì àtijọ́, kù ú, pò ó mọ́ amọ̀ dáadáa. Ìyẹn ò ní jẹ́ kó súnkì jù. Abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ, da àpò bò ó, máa yí i padà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n dá ni pé kó o ṣe é bí agbada dídín gaàrí, kó fẹjú, kó má jìn. Òjìji ò ní pọ̀ níbẹ̀, kò sì ní ya.

Tankè_Amọ̀ | ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, Àtìnì, 8:03 alẹ́

Mo padà dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ọmọ iléèwé ni mí.

Àpáàdì mẹ́ta kọ́kọ́: Onílàábù gbà á. Èyí tí kò ní titanium náà ṣá lóòrùn, àmọ́ ó pẹ́ gan-an ju èyí tó ní lọ. Ti inú òkùnkùn kò yí padà. Ìyẹn ni pé nǹkan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó bí mo ṣe pariwo rẹ̀ lọ́jọ́sí.

Mo wá ṣe agbada méjì bí ìyá wa ṣe sọ, amọ̀ kan náà, iná kan náà. Mo kun ọ̀kan, mo fi èkejì sílẹ̀. Omi kànga kan náà ni mò ń dà sí méjèèjì ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án, láti aago mọ́kànlá sí méjì, mà á gbé wọn sórí ògiri pẹ̀lú gíláàsì lórí wọn, omi táṣẹ́rẹ́ nínú wọn kí ojú wọn má gbẹ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èyí tí mo kùn kò yá tó èkejì, nítorí titanium ti gba díẹ̀ nínú ihò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èyí tí mo kùn ṣì ń kán lítà kan àtààbọ̀ ní wákàtí kan. Èkejì kò pé lítà kan mọ́. Mo fi ìka kan inú méjèèjì: ọ̀kan ń yọ̀, ọ̀kan ń ha ọwọ́ bí amọ̀ tuntun.

Ó wá di pé lọ́jọ́ kan tí mi ò sí nílé, ẹni tá a jọ ń gbé bu omi àgbàrá òjò sínú méjèèjì. Ó ní òun rò pé asẹ́ ni. Ilẹ̀ tó mọ́, kò sí èyí tó ń kán nínú méjèèjì. Mo gbé wọn sóòrùn fún odidi ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn tó ń ta bí ata. Amọ̀ dúró sórí amọ̀. Kò sí ohun tó ṣe. Bàsíà bàbá Ọ̀ffà ló gbà wá, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ṣe é, ó tún ń kán.

Ní báyìí, ohun tí mò ń sọ fún ọ̀gá mi níléèwé ni pé kó yọ «fọ ara rẹ̀» kúrò lórí àkọlé iṣẹ́ mi, kó kọ pé asẹ́ tí oòrùn ń bá fọ díẹ̀ nínú ìdọ̀tí rẹ̀. Ó ní àkọlé yẹn ò dùn.

Onílàábù | Àtìnì, 8:44 alẹ́

Ìkòkò kan-kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ ṣe márùn-ún márùn-ún. Kẹ́ ẹ sì gbé omi tó kán nínú méjèèjì wá kí n bá yín wò ó bóyá E. coli, bakitéríà inú ìgbẹ́, wà níbẹ̀. Kíkán dáadáa lọ̀tọ̀, mímọ́ lọ̀tọ̀.

ÌgbómìnàNíJámánì | Àtìnì, 10:30 alẹ́

Ọ̀gá rẹ fẹ́ àkọlé tó dùn, àwa níbí ń fi omi onísódà gbígbóná fọ mẹ́ńbéréènì lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó dọ̀tí. Duro lórí ọ̀rọ̀ rẹ.

Ìyá_Oníbọ́hóòlù | Àtàláátà, 6:50 àárọ̀

Bàbá Ọ̀ffà, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn. Mo gbé ẹnu ọ̀pá sókè bẹ́ ẹ ṣe wí, ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí ará ilé sùn, ṣùgbọ́n omi là. Ẹrẹ̀ pupa tó rọ̀ sísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́, kí ni kí n fi ṣe?

Bàbá_Ẹlẹ́rọ_Ọ̀ffà | Àtàláátà, 9:12 àárọ̀

Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré sẹ́yìnkùlé, ẹ máa dà á síbẹ̀, kó jìnnà sí ẹnu bọ́hóòlù. Ẹ má dà á sí gọ́tà, á máa le mọ́lẹ̀, á sì dí i.

ỌmọAmọ̀kòkò | Àtàláátà, 9:40 àárọ̀

Tankè, màmá mi ní mẹ́wàá tí Onílàábù fẹ́, àwọn á bá ọ mọ ọ́n. Má wá ní Jímọ̀ọ̀ o. Àárọ̀ Sátidé ni kó o wá, kí oòrùn tó mú. Gbé èèpo ìrẹsì rẹ dání, kó o kù ú láti ilé. Ìyẹ̀fun funfun yẹn, jẹ́ kó wà nínú àpò rẹ níta, má gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Ẹni tó bá rí ìkòkò omi irúgbá nílẹ̀, kó bá mi gbé e pamọ́ kí wọ́n tó yọ iṣẹ́ nínú iná.